Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Pa Ojú Yín Rẹ́ Nínú Fọ́tò

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ wa, ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo mú tọ̀ yín wá lóṣù yìí. Kò wọ́pọ̀ kí a rí ìyàwó tuntun tí kò ya fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọmọ kì í fẹ́ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kọjá láìya ọmọ rẹ̀. Ní Òkè-Odò wa níhìn-ín, láti Ilé-Epo títí dé Ìyánà Ìpájà àti Ẹgbẹ́dá, àwọn ayàwòrán wà tí wọn yóò yà yín, tí wọn yóò fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe, tí wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín láìpẹ́ rárá. Iṣẹ́ wọn dára. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú: ọ̀pọ̀ fọ́tò tí à ń gbé kọ́ sára ògiri lóde òní kò jọ ẹni tí ó ni ojú mọ́. Awọ ara a máa dán bí ike, ẹyinjú a funfun bí ẹfun, ilà ojú ìyá àgbà a sì pòórá. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá dúró níwájú fọ́tò ìyá tí ó bí i, tí ó sì béèrè pé, "Ta nìyí?", kí ni a san owó fún?

Àtúnṣe fọ́tò kì í ṣe ohun tuntun. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, pẹ́ńsùlù tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó ni àwọn ayàwòrán fi ń kun ara fíìmù, kí ìrorẹ́ tàbí àbààwọ́n má baà hàn lójú ẹni. Ní Ìlú Bìní, Solomon Osagie Alonge, ayàwòrán Ọba Bìní, tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Ideal Photo Studio, ní ọdún 1942, wà lára àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí fọ́tò dúdú-òun-funfun.

Èyí tí ó tilẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ní ọdún 1978, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ayàwòrán Yorùbá. Ó rí i ní ìlú náà pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí páálí kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọn a yà á. Wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún yà á. Ayàwòrán a sì fi sùúrù pa ojú ibi tí àwòrán méjèèjì ti pàdé mọ́. Ẹ wo bí àtúnṣe yẹn ti pọ̀ tó! Síbẹ̀, orí ojú ọmọ náà gan-an ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí ojú náà kò bá jọ ti ọmọ, ta ni ìyá ìbejì yóò rí nígbà tí ó bá gbé fọ́tò náà sọ́wọ́?

Àwọn baba wa ní orúkọ fún nǹkan wọ̀nyí. Nígbà tí Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà mìíràn, bá àwọn Yorùbá tí wọ́n mọ ère í yẹ̀ wò sọ̀rọ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973, lára ohun tí wọ́n kà fún un ni jíjọra, ìfarahàn àti dídán. Ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn níwọ̀n, ojú àti ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn kedere, ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dán. Sprague rí i pé ìlànà yìí kan náà ni àwọn ayàwòrán ń tẹ̀lé. Lóde òní, lójú tèmi, dídán ti fẹ́ jẹ jíjọra run.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìfarahàn wò, nítorí òun ni ohun tí fóònù àti kọ̀ǹpútà ń pè ní Sharpen. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ń nu fọ́tò mọ́ bí ẹni ń nu dígí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ a wá ibi tí dúdú ti pàdé ìmọ́lẹ̀, bí etí gèlè, irun ìpéǹpéjú tàbí etí ètè. A fi kún dúdú ẹ̀gbẹ́ kan, a sì fi kún ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì, ojú wa a sì rò pé ibẹ̀ mú sí i. Kò lè dá ohun tí kámẹ́rà kò rí padà. Bí ọmọ bá mi orí nígbà tí wọ́n ń yà á, ẹ tún un yà. Bí a bá sì lo Sharpen ju bí ó ti yẹ lọ, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò yí gèlè ká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sì rí ṣákaṣàka bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i. Nígbà tí olùtúnṣe bá rí yanrìn yìí, yóò tún fi ohun mìíràn ra awọ ara títí yóò fi di ti ọmọlángidi. Àṣejù kan ni ó bí èkejì.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣe é fúnra yín, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ fóònù ti ṣe díẹ̀ kí fọ́tò náà tó kàn yín lójú. Ojú, irun, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọnà aṣọ ni kí ẹ jẹ́ kí ó mú. Ẹ fi iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀, pàápàá ti ọmọ ọwọ́. Ẹ fà á títí ẹ ó fi rí i pé ó yàtọ̀, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, kí ẹ tó padà wá wò ó.

Ní ti pípa nǹkan rẹ́, ohun tí yóò ti kúrò lójú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí ìrorẹ́ tàbí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, a lè mú un kúrò. Ohun tí yóò bá ènìyàn kalẹ́, bí ilà ojú, àpá àti àmì tí a bí mọ́ ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án láìbéèrè.

Àwọ̀ ara ni ó burú jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin òyìnbó ni ó wà lára páálí tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ́tò láti fi wọn àwọ̀. Shirley ni àwọn oníṣẹ́ sọ ọ́. Oṣù Kẹwàá 2021 ni Google gbé fóònù Pixel 6 jáde pẹ̀lú ètò Real Tone, kí ara dúdú lè hàn bí ó ti rí. Ó ṣeni láàánú pé àwa fúnra wa ni a tún ń fi ètò Beauty bó ọmọ wa lára nínú fọ́tò ọdún kìíní rẹ̀. Ẹ pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọmọ. Ní ti fọ́tò ìwé ìrìnnà, Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ gba èyí tí a fi kọ̀ǹpútà tún ṣe.

Lọ́dọ̀ ayàwòrán, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Bí ó bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ní kí ó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, kí ó má baà fọ́. Kí ẹ sì gba èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn rárá pẹ̀lú. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn yàtọ̀ sí fóònù, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ tí ẹ yà á mọ́ ọn.