Wíwá Àléébù nínú Wáyà Ìdarí Ọ́tánétọ̀ Ọkọ̀, àti Ohun tí Ọ̀rọ̀ náà "Iná" ń Bò Mọ́lẹ̀

Ìfáàrà

Bí bátìrì ọkọ̀ bá kú ní òwúrọ̀, tí wọ́n ti ọkọ̀ náà títí ó fi jí, tó tún kú ní ìrọ̀lẹ́, ìdájọ́ tó sábà máa ń jáde ni pé ọ́tánétọ̀ ti lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ra tokunbo mìíràn ní Ládípọ̀ tàbí ní ọjà mìíràn tó bá sún mọ́ ọn, wọn á dè é, iná pupa tó ní àwòrán bátìrì kò sì ní kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àṣé ọ́tánétọ̀ àkọ́kọ́ kò ní àléébù kankan. Fíúùsì kan ló jó, tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dípẹtà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni àlàyé yìí dá lé lórí. Ó kan èdè pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀nà tí àwọn ríwáyà ń gbà sọ̀rọ̀ iná ní Yorùbá lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe ń ṣi àléébù mọ̀.

Bí ọ́tánétọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Bátìrì kọ́ ló ń pèsè iná tí ọkọ̀ ń lò lójú ọ̀nà. Bátìrì ń tọ́jú iná, ó sì ń fi jí ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ọ́tánétọ̀ ló ń bọ́ gbogbo ilé, tó tún ń dá ohun tí bátìrì ná padà fún un. Ìlànà tó ń tẹ̀ lé ni èyí tí Michael Faraday fi hàn ní ọdún 1831: bí agbára òòfà bá ń yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí wọ́n ká, iná yóò jáde nínú wáyà náà.

Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí irin tó wà láàárín ọ́tánétọ̀. Irin yìí kì í ṣe òòfà fúnra rẹ̀. Iná kékeré kan, tí kì í sábà ju áńpíà 5 lọ, ló ń gba orí kábọ̀nù méjì wọ inú wáyà tí wọ́n ká mọ́ ọn, ìyẹn ló sì ń sọ ọ́ di òòfà. Inú wáyà ńlá tó yí i ká ni iná tí ọkọ̀ ń lò ti ń jáde, èyí tó lè tó áńpíà 80 tàbí 100. Dáyóòdù ló ń tò ó kó lè máa lọ sí apá kan ṣoṣo, nítorí pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò lè kún inú bátìrì.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń darí iná kékeré ló ń darí iná ńlá. Régúlétọ̀ ló ń ṣe é: ó ń já iná kékeré yẹn, ó sì ń so ó padà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ táǹkì omi àgbàlá, tó ń tan ẹ̀rọ kànga nígbà tí omi bá fà, tó sì ń pa á nígbà tó bá fẹ́ kún. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá rí inú táǹkì, bí kò bá gbọ́ pé àkókò iṣẹ́ ti tó, tí kò sì ní ọ̀nà tó lè gbà ké sí onílé nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Wáyà mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta yìí. Lára ọ̀pọ̀ Toyota tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1990 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n wà, lẹ́tà tí wọ́n sì ń jẹ́ ni S, IG àti L. S ń wá láti ọ̀dọ̀ bátìrì. Òun ni ojú tí régúlétọ̀ fi ń wo inú táǹkì. IG ń wá láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Òun ló ń sọ pé àkókò iṣẹ́ ti tó. L ń lọ sí ọ̀dọ̀ iná pupa ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Òun ni igbe. Wáyà kẹrin, tó nípọn ju gbogbo wọn lọ, tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè, ni iná ńlá ń gbà lọ sí bátìrì. B ni wọ́n ń pè é.

Ìtumọ̀ mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kan

Ní ṣọ́ọ̀bù ríwáyà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iná, ló ń dúró fún ìmọ́lẹ̀ gílóòbù, fún agbára tó ń tì, tí wọ́n ń fi fóltì kà, àti fún ìwọ̀n ohun tó ń ṣàn gan-an, tí wọ́n ń fi áńpíà kà. "Iná wà níbẹ̀" lè túmọ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn. Wáyà IG tó ti dípẹtà lójú ìsopọ̀ lè fi fóltì 12 han mítà, nítorí pé mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má fa nǹkan kan nínú rẹ̀. Ríwáyà á ní iná wà níbẹ̀, irọ́ kọ́ ló sì pa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so gílóòbù kékeré, wáàtì 5, mọ́ wáyà kan náà, á ràn bàìbàì, tàbí kó má ràn rárá. Agbára wà níbẹ̀. Ìṣàn ni kò sí. Ọ́tánétọ̀ tuntun ni ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́ yóò rà.

Kì í ṣe pé èdè ṣaláìní. Àwọn ríwáyà kan náà ń sọ pé iná ń jò, wọ́n ń sọ pé nǹkan kan ń fa iná, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ omi. Bí wọ́n bá ti lè máa pe ọ̀kan ní agbára iná, kí wọ́n máa pe èkejì ní ìṣàn iná, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò dópin.

Àyẹ̀wò

Bẹ́líìtì ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà orí bátìrì méjèèjì, bóyá wọ́n dè é le, bóyá ìdọ̀tí funfun ti bò ó. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, máa ń wà ní nǹkan bí fóltì 12.6, bó bá ti di 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà yẹ kó kà láàárín 13.8 àti 14.5. Bó bá kọjá 15, régúlétọ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró mọ́: omi bátìrì á máa hó, òórùn bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́ á sì máa jáde. Wáyà S tó ti dípẹtà lè fa èyí, nítorí pé ohun tó ń ròyìn fún régúlétọ̀ kéré sí ohun tó wà nínú bátìrì.

Iná pupa ni ẹlẹ́rìí tó ṣe kókó jù. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì jí ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́dọ̀ tàn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa yọ̀ pé kò tàn, wọn kò mọ̀ pé igbe ló ti kú: gílóòbù ti jó, tàbí fíúùsì, tàbí IG tàbí L ti já. Nínú àwọn Volkswagen Golf àtijọ́ tó ń lo ọ́tánétọ̀ Bosch, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tó gba inú gílóòbù pupa yẹn kọjá ló ń kọ́kọ́ sọ irin àárín di òòfà. Bí gílóòbù bá jó, ọ́tánétọ̀ tó pé lè má jí.

Bó bá jẹ́ pé iná pupa kò kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà mẹ́ta náà lára ọ́tánétọ̀, kí wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́ padà. Bí iná pupa bá ṣì ń tàn, wáyà L ti bó níbì kan, ó ń kan ara irin ọkọ̀. Ọ́tánétọ̀ lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Bó bá kú, wáyà L mọ́, kí wọ́n wá yẹ àwọn yòókù wò. S gbọ́dọ̀ ní iye fóltì bátìrì nígbà gbogbo, kódà bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí níbẹ̀. IG gbọ́dọ̀ ní in nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan. Gílóòbù wáàtì 5 ni kí wọ́n fi dán méjèèjì wò, kì í ṣe mítà nìkan. Bí wọ́n bá fi wáyà so L mọ́ ara irin ọkọ̀, iná pupa yẹ kó tàn.

Ó ku wáyà B. Kí wọ́n jí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tan iná iwájú àti fáànù, kí wọ́n fi ẹnu mítà kan sí nọ́ọ̀tì B, kí wọ́n fi èkejì sí orí bátìrì tó ní àmì àròpọ̀. Ohun tó bá ju ìdajì fóltì lọ ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Láàárín ara ọ́tánétọ̀ àti orí bátìrì kejì, kò yẹ kó ju 0.2 lọ.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá pé ni ẹ̀sùn tó kan ọ́tánétọ̀ fúnra rẹ̀, kódà kábọ̀nù ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀ Toyota, apá kábọ̀nù tuntun tó yọ síta jẹ́ mìlímítà 10.5, bó bá ti di 1.5, ó ti parí iṣẹ́. Owó kábọ̀nù kò sún mọ́ owó ọ́tánétọ̀.

Àṣà kan wà tó yẹ kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni kí wọ́n máa yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ á kú. Bátìrì ló ń gba iná tó bá ṣàdédé pọ̀ jù. Bó bá kúrò lójijì nígbà tí ọ́tánétọ̀ ń tì í pẹ̀lú agbára, fóltì lè fò kọjá 80 kí régúlétọ̀ tó rí i mú. Ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fara dà á. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì lè bá a lọ, òun sì wọ́n ju ọ́tánétọ̀ lọ fíìfíì.

Kọ̀ǹpútà kan náà ló mú kí àyẹ̀wò Honda yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Accord, wáyà kan tó ń jẹ́ C ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, òun ló ń sọ fún régúlétọ̀ pé kó rọra nígbà tí iṣẹ́ kò bá pọ̀, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa jo epo lásán. Mítà lè kà nǹkan bí 12.5 nígbà náà, láìsí àléébù kankan. Kí wọ́n tan iná iwájú, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù, kí wọ́n sì dúró díẹ̀. Bí mítà bá gòkè kọjá 14, ọ́tánétọ̀ náà pé. Bí kò bá gòkè, ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó tú wáyà C wò láti orí dé ìdí.