Ẹni Tó Gba Epo Sílẹ̀ Lájà: Bí Òfin Ṣe Tọ Ipa Oògùn Agbára Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tó Ń Tà Á

Láàárín ogún ọdún àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún yìí, ọ̀rọ̀ oògùn agbára, ìyẹn oògùn tí eléré ìdárayá ń lò kí ara rẹ̀ lè ṣe ju ohun tí ìdánrawò àti oúnjẹ lè mú un ṣe, kúrò lọ́wọ́ àwọn alábòójútó eré nìkan, ó sì di ohun tí ilé ẹjọ́ ìjọba ń gbọ́, tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wẹ̀wọ̀n. Amẹ́ríkà ni ìtàn tí a ó sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nídìí eré béèsìbọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò gbá rí, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti kan Nàìjíríà lẹ́ẹ̀mejì: ó fún orílẹ̀-èdè yìí ní wúrà nígbà kan, ó sì gba ọ̀kan nínú àwọn asáré rẹ̀ tó lórúkọ jù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà mìíràn. Ó yẹ kí àwọn ará Apapa, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù sílẹ̀, àti àwọn ará Ajégúnlẹ̀, níbi tí ọmọdé ti ń fi bọ́ọ̀lù wá ọ̀nà àbájáde, mọ bí ìtàn náà ṣe rìn, nítorí pé ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ni àwọn àgbà ti fi òwe dáhùn tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oògùn mẹ́ta ló ń jẹ yọ jù nínú ìtàn yìí. Sítẹ́rọ́ìdì ni èyí tí wọ́n ṣe bí èròjà tó ń sọ ọmọkùnrin di géńdé, ó ń mú iṣan yọ, ó sì ń jẹ́ kí agbára tètè padà lẹ́yìn iṣẹ́ líle. EPO ń pàṣẹ fún ara pé kí ó ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa sí i, kí atẹ́gùn lè dé ẹsẹ̀ asáré lọ́pọ̀ yanturu, nígbà tí HGH jẹ́ èròjà ìdàgbàsókè tí ara ń pèsè fúnra rẹ̀, pàápàá lọ́mọdé. Kò sí èyí tí kò wúlò nílé ìwòsàn nínú wọn, nítorí pé aláìsàn kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ni EPO wà fún, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bá gún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ki débi tí yóò fi di ewu fún ọkàn àti ọpọlọ.

Béèsìbọ́ọ̀lù jẹ́ eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, tí alátakò rẹ̀ ń fi ọ̀pá gbá a. Bí ó bá gbá a tí bọ́ọ̀lù náà fò kọjá ògiri pápá, èrè rẹ̀ pọ̀, ariwo àwọn òǹwòran sì máa ń gba ojú ọ̀run. Barry Bonds ti ẹgbẹ́ San Francisco Giants gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kọjá ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́tàléláàádọ́rin (73) ní ọdún 2001, nígbà tó sì gbá èyí tó kẹ́yìn ní 2007, àpapọ̀ tirẹ̀ ti di 762, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá ní líìgì Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún tí ara àwọn agbábọ́ọ̀lù béèsìbọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń wú sí i, àjọ tó ń darí béèsìbọ́ọ̀lù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ìtọ̀ wọn wò, nítorí pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn kọ̀ fún un, wọ́n ní ara ènìyàn kì í ṣe ohun ìní ọ̀gá rẹ̀. Ọdún 2003 ni àyẹ̀wò gbogbogbò kọ́kọ́ wáyé, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, láti fi wádìí bóyá ìṣòro wà. Nígbà tí iye ẹni tí wọ́n bá oògùn lára wọn sì kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, àdéhùn tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ mú kí àyẹ̀wò tó ní ìjìyà bẹ̀rẹ̀ ní 2004.

Ọdún 2003 yìí náà ni sìríńjì kan tí wọ́n ti lò tú àṣírí gbogbo rẹ̀. Trevor Graham, olùkọ́ àwọn asáré, fi sìríńjì náà ránṣẹ́ ní oṣù Kẹfà sí àjọ tó ń gbógun ti oògùn agbára ní Amẹ́ríkà, láìdárúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba omi oògùn tó ṣẹ́kù sí i nínú. Ilé àyẹ̀wò Don Catlin ní Los Angeles tú omi náà palẹ̀, wọ́n sì rí sítẹ́rọ́ìdì tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò kankan kò mọ̀ rí, èyí tí wọ́n sọ ní THG. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ ya wọ ilé iṣẹ́ BALCO ti Victor Conte nítòsí San Francisco, wọ́n sì rí i pé àwọn asáré àti àwọn agbábọ́ọ̀lù béèsìbọ́ọ̀lù jọ ń ra ọjà lórí àtẹ kan náà ni. Conte wẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin. Greg Anderson, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ Bonds, wẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta.

Ohun tó yẹ kí òǹkàwé fiyè sí níhìn-ín ni pé kì í ṣe lílo oògùn ni òfin fi mú àwọn eléré fúnra wọn, irọ́ pípa ni. Marion Jones, asáré tó gba àmì ẹ̀yẹ márùn-ún níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Sydney, gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 2008 nítorí pé ó purọ́ fún àwọn aṣèwádìí ìjọba. Bonds sọ fún ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé ẹjọ́ pé òun kò mọ̀ pé sítẹ́rọ́ìdì ni ohun tí wọ́n fún òun. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ ní 2007, wọ́n dá a lẹ́bi ní 2011 pé ó dènà ìdájọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fagi lé ẹ̀bi náà ní 2015. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣẹjọ́ lórí bí ó ṣe dáhùn ìbéèrè, nígbà tí ìṣirò 762 rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé bó ṣe wà.

Síbẹ̀, irú ẹjọ́ irọ́ yìí ló so èso fún Nàìjíríà. Ní Sydney lọ́dún 2000, nínú eré ìje tí ọkùnrin mẹ́rin ti ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, tí oníkálukú sì ń sá 400 mítà, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sá a ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58.68, wọ́n sì gba fàdákà lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n wá gbé Graham, ẹni tó fi sìríńjì ránṣẹ́, fúnra rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008 pé ó purọ́ fún àwọn aṣèwádìí, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè ni Antonio Pettigrew, tó wà lára àwọn mẹ́rin tó gba wúrà fún Amẹ́ríkà. Lábẹ́ ìbúra, Pettigrew jẹ́wọ́ pé òun ti ń lo EPO àti HGH láti ọdún 1997. Àjọ Òlíḿpíìkì gba wúrà náà padà lọ́dún yẹn, wọ́n sì fi í fún Nàìjíríà ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2012. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n òtítọ́ yìí kò bá Sunday Bada láyé mọ́, nítorí pé ó ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, nígbà tó ku oṣù méje péré. Ẹni tó bá ń sọ pé oògùn agbára kò pa ẹnikẹ́ni lára àyàfi ẹni tó lò ó, kí ó rántí ọkùnrin yìí.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá láti Rọ́ṣíà. Grigory Rodchenkov, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò Moscow nígbà kan, sá lọ sí Amẹ́ríkà ní 2015, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ìtọ̀ àwọn eléré Rọ́ṣíà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Sochi lọ́dún 2014. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ òfin tí ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Òfin náà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi mú Jones àti Graham, nítorí pé kò dúró de irọ́ kó tó mú ènìyàn. Ẹni tó bá ta oògùn agbára, tó pín in, tàbí tó dìtẹ̀ láti fi ba ìdíje àgbáyé tí ọmọ Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀ jẹ́, lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, níbikíbi tí ó bá ti ṣe é, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan eléré tó lò ó, àjọ eré ìdárayá ló ni ìjìyà tirẹ̀. Béèsìbọ́ọ̀lù tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sì yọ nínú rẹ̀, torí pé ìdíje tó wà lábẹ́ ìlànà àjọ agbógunti-oògùn àgbáyé, WADA, nìkan ni òfin náà dé, líìgì àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kò sì sí lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí òfin tuntun náà bá kò jẹ́ ará Rọ́ṣíà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, Blessing Okagbare, asáré ọmọ Nàìjíríà, sá 100 mítà ní Yaba, ní ìlú Èkó, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10.63, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ti í lẹ́yìn ju bí òfin ṣe gbà lọ. Kò pẹ́ tó fi ìdùnnú kọ̀wé lórí fóònù sí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eric Lira, tó ń pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn àdáyébá ní ìpínlẹ̀ Texas, pé ohun tó ṣe fún òun ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, nígbà tó kù díẹ̀ kó sá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo, wọ́n dá a dúró nítorí HGH tí wọ́n rí nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún un ní Slovakia. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí EPO nínú èyí tí wọ́n gbà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ inú fóònù rẹ̀ ló fa Lira jáde. Lira jẹ́wọ́ ní 2023, ó sì gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ní oṣù Kejì ọdún 2024, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi lábẹ́ òfin Rodchenkov. Okagbare gba ìfòfindè ọdún mọ́kànlá, márùn-ún nínú rẹ̀ nítorí oògùn, márùn-ún nítorí pé kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn aṣèwádìí, ọdún kan sì gorí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó dunni gan-an, nítorí pé Okagbare yìí kan náà ni wọ́n sọ idẹ rẹ̀ ti Beijing 2008 di fàdákà ní 2017, nígbà tí wọ́n rí i pé ará Rọ́ṣíà tó ṣáájú rẹ̀ nínú ìdíje fífò jìnnà lo oògùn.

Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ báyìí pín sí ọ̀nà púpọ̀. Àwọn kan gbà pé ìjìyà àjọ eré tó, pé kò yẹ kí ìjọba wọ inú pápá. Àwọn mìíràn ní ìlànà tó sọ pé eléré ló ni ẹ̀bi ohunkóhun tí wọ́n bá bá lára rẹ̀, bó mọ̀ bí kò mọ̀, le jù. A kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kan Tobi Amusan, asáré ọmọ Nàìjíríà, ní 2023 pé ó pàdánù àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù méjìlá, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ dá a láre, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé sì fọwọ́ sí ìdáláre náà ní 2024, èyí tó fi hàn pé ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi. Ní Tokyo, ọmọ Nàìjíríà mẹ́wàá ni wọn kò jẹ́ kó díje, kì í ṣe pé wọ́n lo oògùn, àyẹ̀wò òjijì mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn ṣáájú ìdíje ni kò pé. Wọ́n gbé pátákó sókè wọ́de nílùú àjèjì nítorí iṣẹ́ tí àwọn àgbà kò ṣe. Níbi ìdíje Commonwealth ní Glasgow lọ́dún 2014, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Chika Amalaha, agbéwúwo ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, tó sì lè bo oògùn mìíràn mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kì í dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ̀, ó ṣe pàtàkì kí òfin máa bi àwọn àgbà tó yí i ká léèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Apapa àti Ajégúnlẹ̀ gan-an nìyí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2024, WADA fi tramadol sínú ìwé oògùn tí eléré kò gbọ́dọ̀ lò lákòókò ìdíje. Oògùn ìrora ni tramadol, fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, mílígíráàmù 50 sí 100 sì ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, gbà kó wà nínú hóró kan. Èyí tí wọ́n ń tà ní bòńkẹ́lẹ́, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní trámọ̀, máa ń ju 200 lọ, alábàárù ń lò ó kí ẹrù má baà wúwo lórí rẹ̀, ọlọ́kadà ń lò ó kí oorun má baà kùn ún. Léraléra ni Aṣọ́bodè, NAFDAC àti NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti mú kọ̀ǹténà rẹ̀ ní èbúté Apapa, tí wọ́n kó o sáàárín ọjà mìíràn. Àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté náà, Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ọmọ wọn ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana, níbi tí Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó dé Manchester United. Hóró kan náà tí bàbá gbé mì kó lè ru ẹrù lè gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ọmọ, bí ẹnì kan bá fún un pé kó fi pa ìrora orúnkún kó tó wọ pápá. Ìgò àgbo tàbí paraga tí ẹnikẹ́ni kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀ náà lè mú irú ewu bẹ́ẹ̀ wá, nítorí ẹ̀rọ ayẹ̀wò kì í béèrè pé ta ló pò ó.

Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ọmọdé kan tó gbé sáṣẹ́ẹ̀tì méjì sápò ní gáréèjì, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé kọ̀ǹténà, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó ń tà á láìgba ìwé dókítà, olùkọ́ tó fún ọmọ ọlọ́mọ ní oògùn kó lè wu aṣojú ẹgbẹ́ òkè òkun, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n gba epo sílẹ̀. Ogún ọdún ni Amẹ́ríkà fi rìn kúrò nídìí ẹjọ́ BALCO dé ìdí ẹjọ́ olùtà lábẹ́ òfin Rodchenkov, kò sì tíì mú líìgì tirẹ̀ dé ibẹ̀. Nàìjíríà kò nílò ogún ọdún. Ajé tó gúnlẹ̀ ló sọ àdúgbò náà lórúkọ, ohun tó ń gúnlẹ̀ ní Apapa sì kì í ṣe ajé nìkan. Láti ibi tí wọ́n ti ń já kọ̀ǹténà sílẹ̀ dé pápá Maracana kò jìnnà, ọ̀nà kúkúrú yẹn ni òfin gbọ́dọ̀ rìn kí ọmọ tó rìn ín.