Ẹni Tí Yóò Kọ́ Ọmọdé ní Ìwé Kíkà: Àlàyé lórí Ìgbaradì Olùkọ́ Kíláàsì Kìn-ín-ní

Àríyànjiyàn tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwa tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ jẹ lógún ni èdè tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní Yorùbá ni. Àwọn mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sí abẹ́ èyí, tí a kì í sábà bèèrè: ta ni yóò kọ́ ọmọ náà, irú ẹ̀kọ́ wo ni a sì ti fún olùkọ́ fúnra rẹ̀? Mímọ èdè í sọ yàtọ̀ sí mímọ bí a ti ń fi í kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà. Gbogbo wa ni a ní ẹnu tí a fi ń jẹun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni ó mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè.

Ohun kìn-ín-ní tí olùkọ́ ní láti mọ̀ ni ìró èdè. Lẹ́tà 25 ni a fi ń kọ Yorùbá. Olùkọ́ tí ó bá ti fi orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe lẹ́tà kọ́ ọmọ yóò dá wàhálà sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá gbọ́ pé “í” ni orúkọ lẹ́tà “e”, kí ni yóò pe “i” nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Lẹ́tà méjì ni ojú rí nínú “gb”, ṣùgbọ́n ìró kan ṣoṣo ni. “N” tí ó wà ní ìparí “ibọn” kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì. Àmì ni pé imú ni kí a fi pe fáwẹ̀lì tí ó ṣíwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìró kan náà, lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, ni a ń kọ ní “an” nínú “itan”, tí a sì ń kọ ní “ọn” nínú “ibọn”, nítorí pé ètè ni a fi ń pe “b”. Ọmọ tí ó bá kọ “iban” kò ya òmùgọ̀. Etí rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé. Olùkọ́ tí kò mọ ìdí yìí yóò nà án. Èyí tí ó mọ̀ ọ́n yóò ṣàlàyé fún un.

Ohun kejì ni sílébù. Kò sí sílébù Yorùbá tí kọ́ńsónáǹtì parí. Yálà kí ó jẹ́ fáwẹ̀lì nìkan, tàbí kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ̀lì, tàbí “n” tàbí “m” tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú “ò-ró-ń-bó”. Nítorí náà, dídárúkọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ọ̀nà tí ó yá jù fún ọmọ wa. Kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta fún “o-lù-kọ́”, lẹ́ẹ̀mẹrin fún “òróńbó”. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá rí i lójú pátákó.

Ohun kẹta ni ohùn. “Igbá”, “igba”, “ìgbà” àti “igbà”: lẹ́tà wọn kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ohun èlò ilé, ọ̀kan jẹ́ iye, ọ̀kan jẹ́ àkókò, ọ̀kan sì jẹ́ okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Àwọn olùkọ́ mìíràn a máa fi àmì ohùn sílẹ̀ di kíláàsì òkè, wọ́n ní ó ṣòro. Wọn kò rántí pé ohùn ni ọmọ ti mọ̀ kí ó tó mọ lẹ́tà kankan, nínú àlọ́, nínú orin eré òṣùpá, àti lẹ́nu ìlù dùndún. Àmì nìkan ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ẹni tí ó bá fi àmì pamọ́ fún un ń ní kí ó máa méfò ohun tí a ì bá jẹ́ kí ó kà.

Ọ̀rọ̀ ohùn yìí kan àwọn ọmọ tí wọ́n ní ìpèníjà pẹ̀lú. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lè máa wo ètè olùkọ́, ṣùgbọ́n ètè kò lè fi ìyàtọ̀ “igbá” àti “igba” hàn án, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun ni ohùn ti ń wá. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà yóò sì pàdánù àmì kékeré orí fáwẹ̀lì kí ó tó pàdánù lẹ́tà. A ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977, iṣẹ́ rẹ̀ sì níye lórí. Síbẹ̀, olùkọ́ kíláàsì kìn-ín-ní ni ó kọ́kọ́ ń rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá kọ́ ọ ní àmì tí yóò fi dá a mọ̀, olóríkunkun tàbí ọ̀lẹ ni yóò pè é.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àlá lásán ni èyí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù kọ́ ẹ̀kọ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àbọ̀ ìwádìí náà fi hàn pé àwọn tí wọ́n lo Yorùbá jálẹ̀ kò fà sẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. A máa ń fi ìwádìí yìí gbèjà èdè wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń gbàgbé pé wọ́n kọ ìwé tuntun fún un, wọ́n sì pe àwọn olùkọ́ jọ láti kọ́ wọn bí wọn yóò ti lò ó. Èdè nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ìgbàgbé yìí ti ń dùn wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, a kéde pé a ti wọ́gi lé ìlànà náà. Ara ẹ̀sùn tí a fi kàn án ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní àwọn ibi tí a ti ń lo èdè abínibí. Kí a tó dá èdè lẹ́bi, ó yẹ kí a bèèrè bí a ti múra olùkọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ẹni tí ń wá ìwé-ẹ̀rí NCE ń lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá gbé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ síwájú ọmọ ọdún mẹ́fà, tí a ní kí ó fi Yorùbá kọ́ ọ ní ìṣirò, a ti rán an lóko láìfún un ní ọkọ́. Ní ilẹ̀ Finland, níbi tí àkọtọ́ èdè wọn ti bá ìró mu gẹ́gẹ́ bí tiwa, oyè kejì ti yunifásítì ni a ń bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ka ẹ̀kọ́ ọmọdé sí iṣẹ́ kékeré.

Èyíkéyìí tí ìjọba ì báà yàn, àwọn ọmọ yóò ṣì máa kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, wọn yóò sì ní láti mọ̀ ọ́n kà. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo ẹni tí yóò kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní ní ilẹ̀ wa kọ́ nípa ìró, sílébù àti ohùn Yorùbá, kì í ṣe àwọn tí ó yan Yorùbá nìkan. Ó yẹ kí a máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń fi í kọ́ni níwájú ọmọ, kí a má ṣe fi ìdánwò orí ìwé nìkan dán wọn wò. Ó sì yẹ kí a fi olùkọ́ tí ó gbówọ́ jù sí kíláàsì tí ó kéré jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni a ń jù síbẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé kọ́ ni a fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́.