Ìwé Kíkà àti Iná Kíkà: Ẹ̀kọ́ Oyè Kejì Lórí Ìlànà Agbára

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni ẹ̀kọ́ kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàrin àwọn ẹ̀kọ́ yunifásítì, èyíinì ni ẹ̀kọ́ oyè kejì lórí ìlànà tí ìjọba ń tẹ̀ lé nípa agbára: epo, gáàsì, iná mànàmáná, èédú àti igi ìdáná. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, kà, ni a ń lò fún ìwé àti fún owó. Ẹni tí ó bá wọ inú ẹ̀kọ́ yìí yóò rí i láìpẹ́ pé iṣẹ́ méjèèjì ni ó dúró dè é. Èyí tí ó jẹ mọ́ ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ nira. Ibi tí wàhálà wà ni kíka ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà rí.

Ìbẹ̀rù àwọn olùrà epo ni ó mú kí ẹ̀kọ́ náà gbilẹ̀. Lóòótọ́, Yunifásítì Sussex ti dá ibùdó ìwádìí SPRU sílẹ̀ lórí ìlànà sáyẹ́ǹsì ní 1966 lábẹ́ Christopher Freeman, ṣùgbọ́n kí ọdún 1973 tó dé, ọwọ́ àwọn ìnjìníà àti àwọn tí ń wa epo ni ọ̀rọ̀ agbára sábà máa ń wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn tí wọ́n gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní 1974, owó àgbá epo rọ̀bì kan ti fò láti nǹkan bí $3 kọjá $11. Ní 1973 kan náà ni Yunifásítì California ní Berkeley bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Energy and Resources Group. Ní 1977 ni Dundee, ní ilẹ̀ Scotland, dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ lórí òfin epo àti ohun àlùmọ́nì. Nàìjíríà, tí ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ OPEC ní 1971, wà ní òdìkejì ọjà náà: òun ń tà. Ohun tí ó jẹ́ ọ̀fọ̀ fún olùrà, èrè ni fún un. Nítorí náà, ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà tí ń ka àwọn ìwé ìgbà náà máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ojú ta ni òǹkọ̀wé fi ń wo ọjà. Èyí tí ó tún lọ́jú pọ̀ ni pé olùta epo rọ̀bì yìí kan náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ilé epo fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nílé, ibùdó ìwádìí agbára ti wà ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1976. Ìbàdàn náà wá dá ibùdó kan sílẹ̀ tí ó so ọrọ̀-ajé agbára pọ̀ mọ́ òfin, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ MacArthur Foundation.

Àwọn tí ń wọlé fún oyè yìí kì í ti ẹ̀ka kan ṣoṣo wá. Ìnjìníà tí ó ti fi ọdún márùn-ún kọ́ bí tọ́báìnì ti ń yí yóò bá amòfin àti onímọ̀ ọrọ̀-ajé jókòó ní kíláàsì kan. Ẹ̀rù ìṣirò a máa ba amòfin. Ìnjìníà ní tirẹ̀ a máa rò pé bí ẹ̀rọ bá ti dára, ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣìṣe ti ìnjìníà ni ó le jù láti tọ́. Ó ní láti kọ́ pé ẹ̀rọ tí a fi owó ńlá rà lè dákẹ́ láìsí gáàsì, nítorí pé ẹni tí ń ta gáàsì kò rí owó rẹ̀ gbà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná kò rí owó tí ó tó gbà lọ́wọ́ àwọn onílé. Gbèsè ń padà sẹ́yìn lórí wáyà kan náà tí iná ń gbà bọ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí Nàìjíríà ti gbé kalẹ̀ tó ohun tí ó lé ní 12,000 megawatt, síbẹ̀ èyí tí ń dé orí wáyà àpapọ̀ sábà máa ń wà láàrin 4,000 àti 5,000.

Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ yìí kì í fò, òun ni títa ilé-iṣẹ́ iná fún àwọn aládàáni. Chile ni ó ṣáájú pẹ̀lú òfin 1982. Bìrìtéènì tẹ̀ lé e pẹ̀lú òfin 1989. Wọ́n ya àwọn tí ń pèsè iná sọ́tọ̀, wọ́n ya àwọn tí ń gbé e lórí wáyà ńlá sọ́tọ̀, wọ́n sì ya àwọn tí ń pín in wọ ilé sọ́tọ̀. Nàìjíríà gba ìlànà yìí. NEPA tí a dá sílẹ̀ ní 1972 di PHCN lẹ́yìn òfin 2005. PHCN di ilé-iṣẹ́ 18. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, a fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn lé àwọn olùrà lọ́wọ́. Lórí ìwé, ọ̀nà kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bìrìtéènì ta tirẹ̀, iná tí ó lè pèsè ju èyí tí ó nílò lọ, mítà sì wà ní ilé gbogbo. Ní Nàìjíríà, iná kò tó, nǹkan bí ìdajì àwọn oníbàárà ni kò sì ní mítà. Owó tí wọ́n ń san, fífojú dá ni wọ́n fojú dá a. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ àpẹẹrẹ Bìrìtéènì láìbéèrè ohun tí ó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àbájáde ni ó kọ́, kò kọ́ ìdí rẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Yúníìtì kan ni iná tí ẹ̀rọ oní-1,000 wáàtì ń jẹ ní wákàtí kan. Ooru tí ó wà nínú lítà bẹntiróòlù kan tó nǹkan bí yúníìtì mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré ti inú ilé a máa fi èyí tí ó pọ̀ jù ṣòfò. Bí ó bá fún onílé ní yúníìtì kan àti ààbọ̀, ó gbìyànjú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, lítà kan ti kọjá N600 ní ọ̀pọ̀ ibi. Yúníìtì kan láti inú jẹnẹrétọ̀ ń ná onílé ní N400 nìyẹn, láìka owó jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ti ọ́ìlì àti ti ẹni tí ń tún un ṣe. Ní oṣù yẹn gan-an ni àjọ NERC gbé owó yúníìtì fún àwọn oníbàárà Band A láti nǹkan bí N68 lọ sí N225, igbe sì ta. Gẹ́gẹ́ bí àjọ náà ti wí, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jẹ́ láàrin àwọn oníbàárà, ìdá 40 nínú iná ni wọ́n sì ń lò.

Kí ló dé tí ẹni tí ń san N400 fi ń bínú sí N225? Ẹni tí ó bá ka ìwé ọrọ̀-ajé lérèfé yóò ní àìmòye ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra bẹntiróòlù rí i nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí yóò tan jẹnẹrétọ̀ àti ìgbà tí yóò pa á. Wákàtí 20 lójúmọ́ tí a ṣe ìlérí rẹ̀ fún Band A, ìlérí ni. Ẹni tí ó sì ti fi ọdún púpọ̀ san owó àfojúdá fún iná tí kò rí, kò ní tètè gba owó tuntun gbọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn tí ń gbèjà owó náà kì í sábà mẹ́nu bà: wáyà ni wọ́n fi pín àwọn oníbàárà sí ìpele, kì í ṣe àpò. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì, Band A ni òun náà.

Ohun kan tún wà tí èdè Yorùbá rí tí ìwé ẹ̀kọ́ kì í tètè rí. Iná ni ti ààrò, iná ni ti àtùpà, iná ni ti mànàmáná. Nínú ètò ẹ̀kọ́, iná mànàmáná a máa gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, igi ìdáná a sì máa gba ọ̀sán kan. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ju ìdajì lọ nínú agbára tí Nàìjíríà ń lò, láti inú igi àti èédú ni ó ti ń wá. Gààrí tí a ń yan àti epo pupa tí a ń sè kò gba orí mítà kọjá. Bí gáàsì bá wọ́n, ilé tí ó ti kúrò ní ìdí èédú a tún padà síbẹ̀.

Gbogbo èyí kan àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ kí ó tó gba oyè. Àtúnṣe tí a ṣe sí òfin ìpìlẹ̀ ní oṣù kẹta 2023, àti òfin iná tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù kẹfà, fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣàkóso iná láàrin ààlà wọn. Èkìtì àti Oǹdó, pẹ̀lú Enugu, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àkóso náà lọ́wọ́ àjọ àpapọ̀ ní 2024. Àjọ ìpínlẹ̀ tí yóò dá owó iná lé ará ìlú ní láti mọ iye tí wọ́n ń ná lórí jẹnẹrétọ̀ àti igi báyìí, ìyẹn kò sì sí nínú ìwé tí a ń kà ní Sussex tàbí ní Dundee. Àdúgbò ni a ti ń wá a, ọgbọ́n sì wà nínú bíbéèrè rẹ̀. Onílé tí a bi ní iye wákàtí tí ó ń tan jẹnẹrétọ̀ yóò fojú dá a, bóyá kí ó tilẹ̀ fura pé òṣìṣẹ́ NEPA ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀. Bí a bá ní, “Bàbá, èló ni ẹ fi ra epo lánàá?”, kò ní ṣì í. Ìyá tí ń yan ẹja kò mọ yúníìtì, ṣùgbọ́n ó mọ iye ìdì igi tí agbọ̀n ẹja kan ń jẹ. Ìwọ̀n ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé dání nígbà náà: kílò igi gbígbẹ kan ní ooru tí ó lé díẹ̀ ní yúníìtì mẹ́rin, a ó sì lè kọ iná ìyá náà sí ojú ìwé kan náà pẹ̀lú ti Band A.