Abúlé Kan ní Àárín Omi Tí Bàbá Eégún Kò Kú Sí

   

Ọmọ ọmọ mi kan ló bi mí ní ìbéèrè kan ní Òrò-Àgọ́ níbí. Ó ní, "Bàbá àgbà, wọ́n ní àwọn Òyìnbó náà ń ṣe eégún. Ṣé òótọ́ ni?" Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kì í ṣe Òyìnbó o, ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n. Mo wá jókòó, mo ṣàlàyé fún un. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo ilé lónìí.

Erékùṣù kan wà ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil. Itaparica ni wọ́n ń pè é. Ó dojú kọ ìlú ńlá tó ń jẹ́ Salvador, omi ló sì wà láàárín wọn. Tèèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Salvador, ó tó bíi wákàtí kan kó tó gúnlẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló wà lórí erékùṣù náà, Itaparica àti Vera Cruz. Ní ìtòsí etí òkun tí wọ́n ń pè ní Ponta de Areia, òkè kan wà tó ń jẹ́ Bela Vista. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa wà, ibẹ̀ ni ilé eégún tí wọ́n ń pè ní Ilê Agboulá wà.

Èmi kò tíì dé bẹ̀. Ohun tí mo kà àti ohun tí àwọn tó mọ ibẹ̀ sọ ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ọmọ Òrò-Àgọ́ síbẹ̀, ebi kò ní pa á. Ẹja pípa ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń ro oko. Máńgòrò, àgbọn, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ kún ibẹ̀. Wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń yan án bí a ṣe ń yan gàrí. Ẹ gbọ́ o: láti ilẹ̀ Brazil ni ẹ̀gẹ́ ti wá bá wa, epo pupa àti ilá sì ni tiwa tó lọ bá wọn. Ẹ̀wà tí wọ́n bá lọ̀, tí wọ́n fi epo pupa dín, acarajé ni wọ́n ń pè é. Àkàrà náà ni.

Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń fọ́, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ wa, wọ́n ń kó èèyàn lọ sí etí òkun bí ẹni kó ẹran. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bá ara wọn ní Bàhíà. Ọdún 1850 ni Brazil tó fi òfin tó múná dí ọ̀nà òwò ẹrú láti ilẹ̀ wa. Ọdún 1888 ni wọ́n tó dá ẹrú sílẹ̀ pátápátá, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà yòókù ti ṣe é tán.

Àwọn àgbà erékùṣù náà ń sọ ìtàn kan. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marcos fi owó ara rẹ̀ ra ara rẹ̀ lóko ẹrú. Òun àti ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀, wọ́n padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n kọ́ iṣẹ́ awo. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, wọ́n gbé Bàbá Olúkọ́tún dání. Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Tuntun ni wọ́n ti ń bọ ọ́. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ti bọ́ lóko ẹrú, tó ti dé ilé, tún padà sọdá òkun, nítorí kí àwọn tó kù níbẹ̀ má baà wà láìní baba.

Títí di òní, oyè wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n ní Alápinni, wọ́n ní Alágbà, wọ́n ní Ọ̀jẹ̀, wọ́n ní Amúìṣan. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ lọ́jà, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá jáde, Yorùbá ni wọ́n fi ń kí i, òun ni wọ́n fi ń kọrin. Àwọn obìnrin ló ń gbe orin. Ìyókù, inú igbàlẹ̀ ló wà, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé.

Kò rọrùn fún wọn o. Ọlọ́pàá dà wọ́n láàmú gan-an. Ní Bàhíà, ilé òrìṣà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kó tó ṣọdún, ọdún 1976 ni gómìnà tó fagi lé e. Ní ọdún 2015 ni ìjọba Brazil fúnra rẹ̀ wá ka Ilê Agboulá mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà ni Mestre Didi, Alápinni, tí wọ́n bí ní 1917, tó papòdà ní 2013. Nígbà tó dé Kétu ní 1967, oríkì ìdílé rẹ̀ tó kì níwájú ọba ni wọ́n fi mọ ilé tó ti wá. Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀ ju oríkì lọ.

Wàhálà míì tún ń bọ̀. Ní 2020 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn ará Ṣáínà láti kọ́ afárá láti Salvador dé Itaparica, gígùn rẹ̀ ju kìlómítà méjìlá lọ. Afárá dára, aláìsàn á tètè dé ọsibítù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá là, ilẹ̀ á gbówó lórí, olówó á fẹ́ ra etí igbàlẹ̀ kọ́ ilé ìgbafẹ́.

Tiwa ńkọ́? Òkun kò yí wa ká níbí, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa kò dára, ẹ̀rù ajínigbé sì ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko. Àwọn ọmọ ti lọ sí Ìlọrin àti Èkó. Mi ò dá wọn lẹ́bi, nítorí èmi náà jẹ̀bi. Mo rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé, ó dára, ṣùgbọ́n mi ò pe ọ̀kankan wọn kí n fi oríkì ilé lé e lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, a gbé ẹ̀kù bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ látòkè àjà. Eku ti jẹ ẹ̀kù. Mo dì í mú, mi ò lè sọ̀rọ̀. Àwa Ìgbómìnà tí a ń fi Ẹlẹ́wẹ̀ yangàn! Kì í ṣe ọlọ́pàá ló bà á jẹ́, kì í ṣe ogun. Àìbojúwò ni.

A ti rán an pa dà. Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn ló di abẹ́rẹ́ mú fún mi, tórí ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Bó ṣe ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́ ni mo ń kì í, ó sì ń tẹ̀ lé mi. Lọ́dún yìí, òun ni yóò mú ìṣan.

Ẹ̀yin ará ilé, kí ìwé yìí tó tún jáde, ẹ wo òkè àjà yín. Ẹ pe ọmọ kan, ẹ kì í ní oríkì rẹ̀ tán. Àwa Ìgbómìnà, ogbó ló mọ̀nà fún àwọn baba ńlá wa. Àwọn tí wọ́n kó lọ kò mú ogbó dání, síbẹ̀ wọn kò ṣìnà. Kí àwa tó wà nílé má ṣe sọnù sínú ilé o.

Àbọrú, àbọyè.