Páálí àti Òwú: Ìrísí Ìwé àti Ìpamọ́ Ìmọ̀

Ohun tí ó jẹ pépà yìí lógún ni ìrísí ìwé ẹlẹ́yìn páálí, àti iṣẹ́ tí ìrísí náà ń ṣe. Ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́, aṣọ tí ó bo páálí rẹ̀, àti lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ nìkan kọ́. Ilé ìwé ni páálí, òwú sì ni òpó ilé náà.

Adìwé a kọ́kọ́ ṣẹ́ tákàdá po ní ìdì-ìdì, a sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn pọ̀ níbi ìṣẹ́po. Lẹ́yìn èyí, a fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ fẹ́lẹ́ mọ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó tó fi páálí méjì tí a ti fi aṣọ bò dè é. Ìdí nìyí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń ṣí pẹrẹsẹ lórí tábìlì tí ojú-ìwé rẹ̀ kì í sì í já. Èyí tí wọ́n gé lẹ́yìn, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀, kò ní òwú. Bí ọyẹ́ bá mú gọ́ọ̀mù náà gbẹ, ojú-ìwé a máa já bọ́ bí ewé.

Ìtàn ìwé The History of the Yorubas kọ́ni lọ́gbọ́n. Samuel Johnson parí rẹ̀ ní 1897. Ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà títí di àdéhùn 1886, wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì gbé sọnù. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù tún un kọ, kí ó tó jáde ní 1921. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ni ó gba ìtàn náà lọ́wọ́ ìparun. Dídì dáradára ni ó ń gba ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Àpilẹ̀kọ oyè lórí oríkì tàbí ìtàn ìlú bíi Ìlógbò-Èkìtì kì í sábà ní ju ẹ̀dà mélòó kan lọ. Dídì, nígbà náà, ni ààbò tí ó kù fún un. Bẹ́ẹ̀ páálí lè tan ojú, nítorí pé àwọn ìwé kan wà tí wọ́n wọ ẹ̀wù páálí, tí wọn kò sì rán nínú. Òkè egungun ẹ̀yìn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wò: bí ìdì-ìdì tákàdá bá hàn níbẹ̀, tí òwú sì hàn láàárín wọn, a rán an, bí ó bá dán gbọ́rọ́, gọ́ọ̀mù nìkan ni.