Físà Iṣẹ́ Ìlú Ọba: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Yá Owó Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, òfin físà òṣìṣẹ́ ti yí padà ní Ìlú Ọba. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọn kì í fún ará òkè òkun ní físà láti wá tọ́jú arúgbó mọ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó wà ní ìpele yunifásítì, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ má sì dín ní £41,700 lọ́dún. Agbanisíṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ gba owó ìwé onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yá owó ẹgbẹ́ fún físà ìtọ́jú arúgbó, ẹ má gbà. Owó á lọ, gbèsè á kù sọ́rùn ẹ̀yin àti onídùúró yín. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.